Ìsọ̀ Ohun Ẹ̀fẹ̀ Kan ní Ọjà Kàbà

Ẹni tó bá ń wá ohun tí yóò pa tọmọdé tàgbà lẹ́rìn-ín nígbà Kérésìmesì, ìsọ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn oníwèé ní ọjà Kàbà tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé ìyá tó ni ín kì í pe ọjà rẹ̀ ní ohun ìṣeré lásán. Ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ tí ń sọ iṣẹ́ rẹ̀.

Tìmùtìmù onísó ló ń pe àpò rọ́bà tí a máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí, tí a ó sì fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ àga, kí ẹni tó bá jókòó lé e lè dà bí ẹni tó só láàárín èrò. Whoopee tó wà lára páálí rẹ̀, igbe ayọ̀ lásán ni lẹ́nu àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì. Ní nǹkan bí ọdún 1930 ni ilé iṣẹ́ JEM Rubber ní Toronto, Kánádà, gbé e jáde, S. S. Adams, ọmọ Denmark tó di ọ̀gá nídìí òwò ẹ̀fẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kọ̀ ọ́ nítorí pé lójú tirẹ̀ kò bójú mu.

Adams yìí kan náà ló ṣe ohun tí ìyá ń pè ní bọ̀mílọ́wọ́-kí-o-ta-gìrì, lọ́dún 1928. Kò sí iná mànàmáná kankan nínú rẹ̀, sípíríìn ni: a ó yí i le, a ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́, ọwọ́ ẹni tí a bọ̀ ni yóò sì tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ yóò fi máa gbọ̀n rìrì. Èyí tí mo rà kò pẹ́ tó fi dẹ̀. Nígbà tí mo dá a padà, ìyá ní, "Tíṣà, ẹ má bínú," ó sì yí òmíràn wò níṣojú mi kó tó gbé e fún mi.

Yóyò, ohun ìṣeré roboto tí a ń fi okùn jù sísàlẹ̀ kó lè máa gun okùn náà padà sọ́wọ́, nìkan ni kò fún ní orúkọ tuntun. Láti ilẹ̀ Filipínì ni orúkọ náà ti wá, Pedro Flores, ọmọ ibẹ̀, sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é tà ní California lọ́dún 1928.

Ejò onírọ́bà ni n kò fọwọ́ sí, nítorí àwọn àgbà wa ń pàdé ejò gidi lọ́nà oko, ìjayà rẹ̀ sì lè dá àìsàn sílẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ mú àpò lọ́wọ́, nítorí ìyá kì í ní ọ̀rá, kí ẹ sì tètè dé kí oòrùn tó mú rọ́bà rọ̀.