Fáìlì "Gómìnà Adébáyọ̀": àbọ̀ iṣẹ́ tí mo gbé fún àwọn atú-ìwé-ìròyìn-àtijọ́ kan ní Ìbàdàn

Ní oṣù tó kọjá, mo gbé iṣẹ́ lọ fún ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Ìbàdàn, tí ó jẹ́ pé títú ìwé ìròyìn àtijọ́ wò fún oníbàárà ni wọ́n ń ṣe jẹun. Bí ènìyàn bá sọ ẹni tí ó ń wá fún wọn, wọn yóò wá ojú-ewé tó sọ̀rọ̀ nípa ẹni náà, wọn yóò ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀, wọn yóò sì dì í sínú fáìlì pẹ̀lú àlàyé ṣókí níwájú. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ló ń tẹ ìwé ìrántí, èmi ni wọ́n sì ní kí n kọ ojú-ewé méjì lórí Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ní àsìkò rògbòdìyàn Àgbẹ́kọ̀yà, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ dìde sí ìjọba nítorí owó orí. ₦18,000 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí pé irú àṣìṣe tí wọ́n ṣe, mo ti rí i lọ́wọ́ àwọn tó jù wọ́n lọ fíìfíì, kò sì ní dára kí n fi ọmọ kékeré jófin nítorí ohun tí àgbà ń ṣe.

Ohun tí mo kọ sínú fọ́ọ̀mù wọn kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ: Gómìnà Adébáyọ̀. Mo gbà pé mo pín nínú ẹ̀bi náà. Lójú tèmi, ẹnì kan ṣoṣo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìyẹn Ọ̀gágun Adéyínká Adébáyọ̀, ọmọ Ìyìn-Èkìtì, tí ó gba ìṣàkóso Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kẹjọ ọdún 1966, lẹ́yìn tí wọ́n pa Adékúnlé Fájuyì, gómìnà tó ṣáájú rẹ̀, pẹ̀lú àlejò Fájuyì, Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba ológun, tí ó sì wà lórí àlééfà títí di ọdún 1971. Ẹni tó bá gbọ́njú ní Ìbàdàn láyé ìgbà náà kò jẹ́ bi ọ́ pé Adébáyọ̀ wo.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n dá, ọjọ́ karùn-ún ni fáìlì náà dé. Mo gbójú fo ìyẹn, nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ wọn mọ́. Ìwé ìròyìn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún máa ń pọ́n, tàdáwà rẹ̀ a sì máa ṣá, síbẹ̀ kò sí ojú-ewé kan tí n kò rí kà. Wọ́n fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́ àti ọdún sí igun ewé kọ̀ọ̀kan. Ojú-ewé mẹ́tàlá àkọ́kọ́ bá ohun tí mo ń wá mu gẹ́lẹ́: ọ̀rọ̀ owó orí ní ọdún 1968 àti 1969, Táfá Adéoyè àti àwọn àgbẹ̀ tó fárígá pé òkè mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, làwọn yóò san, àti ìjọba ológun tó ń wá bí yóò ṣe pa iná náà. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni fáìlì parí sí, n kò ní rí ẹ̀sùn kankan kà sí wọn lọ́rùn.

Ní ojú-ewé kẹrìnlá ni Gómìnà Adébáyọ̀ bọ́ aṣọ ológun sílẹ̀. Agbádá ló wọ̀, Ìlọrin ni ìròyìn náà sì ti wá. Mo wo ojú àwòrán náà títí, mo tún padà wo ti àkọ́kọ́. Kò sí ibi tí wọ́n ti jọra. Cornelius Ọlátúnjí Adébáyọ̀ ni, sẹ́nétọ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú UPN láti ọdún 1979, ẹni tó dije ní Kwara ní ọdún 1983 tí ó sì fẹ̀yìn Adamu Attah, gómìnà tó wà lórí oyè, gbálẹ̀, nígbà tí Olúṣọlá Sàràkí, tí òun àti Attah jọ wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú NPN, kó àwọn ènìyàn rẹ̀ sẹ́yìn Cornelius, ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn. (Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí òṣèlú Kwara ṣe rí, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà.) Oṣù mẹ́ta péré ló lò, nítorí pé ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún náà ni àwọn ológun padà dé.

Nígbà náà ni mo tó padà ka àlàyé tó wà níwájú fáìlì dáadáa. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ láìṣojú àánú pé Gómìnà Adébáyọ̀ fi ipò sílẹ̀ ní ọdún 1971, pé ó padà sórí àlééfà ní ọdún 1983, pé ó sì tún wọlé ìbò ní Èkìtì ní ọdún 1999. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, á jẹ́ pé ọkùnrin kan ṣoṣo ló ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́ta, ó bá ológun ṣe é, ó bá alágbádá ṣe é, láàárín ọdún 37, tí kò sì rẹ̀ ẹ́. Ti Èkìtì yẹn, Níyì Adébáyọ̀ ni, tí ó wọlé lábẹ́ ẹgbẹ́ AD tí ó sì lo ọdún mẹ́rin kí Ayọ̀ Fáyóṣé tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 2003.

Ẹ̀yìn fáìlì ló wá dà rú pátápátá. Abala kan wà tí wọ́n pè ní "Adébáyọ̀ gẹ́gẹ́ bíi mínísítà". Cornelius ṣe mínísítà ètò ìbánisọ̀rọ̀ lábẹ́ Ọbásanjọ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó tẹ̀lé e nínú abala náà, tí òun náà jẹ́ mínísítà ètò ìbánisọ̀rọ̀, láti ọdún 2015 sí 2019, Adébáyọ̀ Shittu ni. Shittu ni orúkọ ìdílé tirẹ̀, Adébáyọ̀ ni wọ́n fi ń pè é. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Adébáyọ̀ Adélabú, tí wọ́n fi ṣe mínísítà iná mànàmáná ní ọdún 2023, tí ó jẹ́ ọmọ-ọmọ Adégòkè Adélabú tí gbogbo Ìbàdàn mọ̀ sí Pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì. Wọ́n tún fi Christopher Adébáyọ̀ Alao-Akala, tó ṣe gómìnà Ọ̀yọ́, kún un bí ẹni fi èènì sórí ọjà. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n tẹ "Adebayo" sí, kọ̀ǹpútà sì kó gbogbo Adebayo tó rí wá. Kò bi ẹnikẹ́ni pé èwo ni orúkọ tí bàbá sọ ọmọ, èwo sì ni orúkọ tí ọmọ jogún.

Ohun tí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí le lọ́dọ̀ wa ju bó ṣe le níbòmíràn ni pé orúkọ ìdílé kò tíì pẹ́ púpọ̀ nínú àṣà wa. Nígbà tí àwọn baba wa wọ ilé ìwé, olùkọ́ béèrè orúkọ bàbá, ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọmọ, ó parí. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń jẹ́ Adébáyọ̀ lónìí, bàbá tàbí bàbá-bàbá wọn kan ni wọ́n sọ ní Adébáyọ̀ ní ilé tó bá adé tan, ilé bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ láti Èkìtì dé Ìgbómìnà. Mo mọ ọmọ ìyá méjì tí orúkọ ìdílé wọn yàtọ̀ síra nítorí pé ọ̀kan lo orúkọ bàbá, èkejì lo ti bàbá àgbà. Láyé àtijọ́, bí wọ́n bá fẹ́ mọ ẹni tí ọ jẹ́, ìlú rẹ àti oríkì orílẹ̀ rẹ ni wọ́n ń bi ọ́.

Mo gbé fáìlì náà padà lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣe iṣẹ́ náà dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Mo rò pé Adébáyọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ni." Mo bi í pé kí ni orúkọ bàbá rẹ̀. Ó ní Òjó. Mo ní, "Ṣé gbogbo Òjó tó wà ní Ìbàdàn yìí, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ ni wọ́n?" Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ họ orí. Ìyá tó ni ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀ mí pé kí n fún àwọn ní ọjọ́ méjì, pé àwọn kò ní gba kọ́bọ̀ lé e. Bó ṣe gba ọ̀rọ̀ náà láìjiyàn wú mi lórí.

Fáìlì kejì dé ní ọjọ́ tó dá gan-an. Wọ́n ti fi bébà aláwọ̀ pín in sí ọ̀nà mẹ́rin: Adéyínká, Cornelius, Níyì, àti Adéwọlé Adébáyọ̀, agbẹjọ́rò ọmọ Oǹdó tó dije fún ipò ààrẹ lábẹ́ SDP ní ọdún 2023. Wọ́n yọ àwọn tí Adébáyọ̀ kì í ṣe orúkọ ìdílé wọn kúrò. Mo ti ń yọ̀ díẹ̀díẹ̀ kí n tó rí i pé níwájú abala kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ ọ́ sí pé, "Kò bá àwọn yòókù tan." Níyì ọmọ Adéyínká ni! Ìyìn-Èkìtì ni wọ́n kọ sí ìlú àwọn méjèèjì, ní lẹ́tà gàdàgbà, síbẹ̀ wọ́n fọwọ́ ara wọn ya ọmọ kúrò lára bàbá. Nígbà tí mo pe ìyá náà lórí fóònù, ó ní, "Ẹ̀rù ló bà wá, bàbá. A rò pé bí a bá tún pa wọ́n pọ̀, ẹ ó bínú ni."

Kí n má bàa fi ẹjọ́ kan ṣoṣo dá wọn lẹ́bi, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi orúkọ mẹ́rin mìíràn hàn mí nínú àkójọ wọn. Ti Adélékè jáde dáadáa: Ayọ̀ọlá tó ṣe sẹ́nétọ̀ láyé ìjọba alágbádá ẹlẹ́ẹ̀kejì, àti àwọn ọmọ rẹ̀, Ìsíákà àti Adémọ́lá, tí àwọn méjèèjì ṣe sẹ́nétọ̀ tí wọ́n sì jẹ gómìnà Ọ̀ṣun, Ẹdẹ so gbogbo wọn pọ̀, kò sì ṣòro. Ti Àkàndé náà kò burú, wọn kò sọ Láolú Àkàndé, tó ṣe agbẹnusọ fún Ọṣínbàjò nígbà tí ó jẹ́ igbákejì ààrẹ, di ọmọ Bísí Àkàndé ti Ìlá. Ibi tí wọ́n ti kùnà ni ti àwọn obìnrin. "Mọ̀lẹ́bí" ni wọ́n kọ sí iwájú Gbémisọ́lá Sàràkí, òun kan náà ni wọ́n kọ sí iwájú Olúrẹ̀mí Tinúbú, bẹ́ẹ̀ sì rèé ọmọ Olúṣọlá Sàràkí ni ti àkọ́kọ́, ìyàwó Bọ́lá Tinúbú ni ti èkejì.

Ìràwọ̀ mẹ́ta àbọ̀ nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Iye owó wọn tọ́, ìwé wọn mọ́, wọ́n sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ sí ẹnu. Ẹni tó bá mọ ẹni tí òun ń wá lámọ̀dájú lè gbé iṣẹ́ fún wọn láìfòyà, bó bá ti kọ ìlú, ẹgbẹ́ àti ọdún mọ́ orúkọ náà. Ẹni tí kò mọ̀ rárá, tí àlàyé iwájú fáìlì nìkan ló fẹ́ gbára lé, kó ṣì ní sùúrù. Ìyá náà sọ fún mi pé àwọn ti fi ìlà méjì kún fọ́ọ̀mù àwọn, ọ̀kan fún ìlú, ọ̀kan fún ọdún. Mo ti fi fọ́ọ̀mù tuntun náà gbé iṣẹ́ kejì fún wọn, ti Richard Akínjídé àti Jùmọ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀, tí bàbá ṣe mínísítà tí ọmọ náà sì ṣe é. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ní kí n wá gbà á.