Páǹpù oníná àbí páǹpù ọlọ́wọ́: èwo ló yẹ ọkọ̀ kékeré tó ń lọ jìnnà lójú òkun?

Ẹ má tìtorí nọ́ńbà tó wà lára páálí ra páǹpù tó ń fa omi tó wọnú ọkọ̀ jáde. Èyí tí wọ́n kọ 2,000 gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà ní wákàtí kan sí lára, bíi lítà 126 ní ìṣẹ́jú kan ni. Ibi tí omi kò ti ní òkè kankan láti gùn ni wọ́n ti wọn ìyẹn. Nínú ọkọ̀, omi á gun mítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, họ́ọ̀sì á sì ní kọ́nà. Kí omi tó jáde, ìdá kan nínú mẹ́ta sí ìdajì agbára yẹn lè ti lọ.

Ihò tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5, tó fi sẹ̀ǹtímítà 60 wà nísàlẹ̀ ojú omi, á máa da nǹkan bíi lítà 240 sínú ọkọ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Páǹpù kékeré kan ṣoṣo kò ká a. Ohun tó lè ṣe ni pé kó fún yín láyè láti wá ihò náà rí, kí ẹ sì dí i.

Oníná

Òun ló dáa jù fún omi tó ń jò díẹ̀díẹ̀. Ẹ lè sùn kó máa ṣiṣẹ́. Àmọ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni bátìrì sábà máa ń wà. Bí omi bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó parí nìyẹn. Suwíìṣì tó ń léfòó, tó máa ń tan páǹpù fúnra rẹ̀ bí omi bá gbé e sókè, ló máa ń kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀, torí irun àti ẹrẹ̀ olóróró máa ń há a. Tó bá há sókè, á fa bátìrì gbẹ. Tó bá há sílẹ̀, páǹpù ò ní ṣiṣẹ́ rárá. Ẹ fi suwíìṣì tí ẹ lè fọwọ́ tàn kún un. Wáyà tí wọ́n fi táńganran bò ni kí ẹ rà, torí iyọ̀ òkun máa ń jẹ bàbà lásán. Fíúsì gbọ́dọ̀ jẹ́ iye tí ẹni tó ṣe páǹpù sọ gan-an: tí ìdọ̀tí bá há abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀, wáyà lè gbóná débi pé iná á sọ.

Ọlọ́wọ́

Tó bá ń gbé lítà 0.7 lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ sì fà á ní ìgbà 40 ní ìṣẹ́jú kan, lítà 28 péré ni, apá á sì tètè ro yín. Síbẹ̀ kò nílò iná, afẹ́fẹ́ inú họ́ọ̀sì kò dí i lọ́wọ́, ó sì ń gbé ìdọ̀tí kékeré kọjá. Fálífù rọ́bà méjì, tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn, ló wà nínú rẹ̀. Bí igi ìṣáná kan péré bá há sábẹ́ ọ̀kan, ọwọ́ páǹpù á máa lọ sókè sódò, omi ò ní jáde. Nítorí náà, èyí tí ẹ lè ṣí láìlo irinṣẹ́ ni kí ẹ yàn, kí ẹ sì ra rọ́bà tó ń fa omi nínú rẹ̀ àti fálífù àpamọ́ dání. Níbi tí dísẹ́ẹ̀lì bá lè jò, ẹ béèrè rọ́bà nitrile, irú èyí tí epo kì í tètè bà jẹ́. Kí ẹni tó ń darí ọkọ̀ lè fà á láìkúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ilẹ̀kùn ní títì, kí ẹ sì fi okùn so ọwọ́ páǹpù náà mọ́ ibẹ̀.

Tí owó bá tó ẹyọ kan péré, ọlọ́wọ́ la máa ní kí ẹ kọ́kọ́ rà. Ìrìn àjò jíjìn nílò méjèèjì, àti garawa líle kan.

Fún méjèèjì, họ́ọ̀sì tí inú rẹ̀ dán ni kí ẹ lò. Ẹ gbé e gba òkè ojú omi dáadáa, kí ẹ sì fi fálífù tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé síbi tó ga jù. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, òkun lè gba ibẹ̀ padà wọlé nígbà tí ọkọ̀ bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí ọkọ̀ tó ṣí, ẹ da lítà 40 omi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì wo iye ìṣẹ́jú tí páǹpù kọ̀ọ̀kan fi gbé e tán.