Ẹ̀yin tí ẹ ń ra rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ n'Íléṣà, ẹ ṣọ́ra!

Ẹ̀yin ará mi, ọkùnrin kan wà tó máa ń pàtẹ rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ n'Íléṣà, pàápàá tí ọdún Ìwúde bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Gbájúẹ̀ ni. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, kí ẹ má baà kó sí i lọ́wọ́.

Oṣù Kejìlá ni Ìwúde sábà máa ń bọ́ sí. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà á ti Èkó, Ìbàdàn àti òkè òkun wálé wá bá Ọwá Obòkun ṣọdún. Àsìkò yẹn náà ni àwọn kan máa ń palẹ̀ ẹrù bàbá wọn mọ́, tí wọ́n á gbé rẹ́kọ́ọ̀dù tó ti pẹ́ nínú àjà wá sọ́jà. Ibẹ̀ ni mo ti rí akọrin tí n kò gbọ́ orúkọ wọn lórí rédíò rí, tí orin wọn sì gbà mí lọ́kàn. Ohun rere ni. Òun ni ọkùnrin yìí ń bà jẹ́.

Orúkọ I.K. Dairo ló fi ń ṣòwò. Ọ̀ffà ni wọ́n bí Dairo sí ní 1930, ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni, ìtòsí wa níbí. Òun ló sọ àkọ́díọ̀nù di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú orin jùjú, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá ní 1963. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà wo ni kò ní fẹ́ ní àwo rẹ̀ nílé? Ọ̀gbẹ́ni yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Yóò ra àwo akọrin tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè ní owó pọ́ọ́kú, yóò fi omi gbígbóná rẹ bébà àárín rẹ̀, yóò fi abẹ fá a kúrò, yóò wá lẹ òmíràn tó lọ tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà mọ́ ọn: orúkọ Dairo gàdàgbà. Lẹ́yìn náà ló máa fi òróró pa àwo náà lára kó lè máa dán, kí ojú má rí ibi tó ti họ.

Àwọn tó rà á gbé e wá sílé mi torí giramafóònù mi ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo gbé abẹ́rẹ́ lé e. Kò pẹ́ tí òróró àti eruku fi ṣù mọ́ abẹ́rẹ́ lẹ́nu, tí ohùn sì ń há. Mo nù ún, mo tún un gbé lé e. Agídìgbo ló kọ́kọ́ dún, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tẹ̀lé e, ọkùnrin kan wá gbé orin ní ojúlówó ẹnu Ìjẹ̀ṣà. Kò sí àkọ́díọ̀nù níbẹ̀, ohùn náà kò sì jọ ti Dairo rárá. Ṣùgbọ́n orin náà dùn! Ta ló kọ ọ́? Bébà tó lè sọ fún wa ti wà lórí ààtàn.

Èyí ló dùn mí ju owó lọ. Akọrin tó jẹ́ pé bóyá àwo kan ṣoṣo yẹn ló kù tó ń jẹ́rìí rẹ̀, wọ́n fá orúkọ rẹ̀ dànù kí wọ́n lè fi ti olókìkí tà á. Ìwà ìkà gbáà ni.

Tí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú páálí. Ẹ fọwọ́ ra bébà àárín: ilé iṣẹ́ kì í sábà fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ìgbà tí wọ́n ń tẹ àwo lọ́wọ́ ló ti máa ń wọ̀ ọ́ lára, etí rẹ̀ kì í ká sókè. Ẹ gbé àwo náà sí oòrùn, kí ẹ wo àárín ibi tí orin parí sí àti bébà. Ẹ ó rí nọ́ńbà tí wọ́n fín síbẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ àwo, ẹ ó bá nọ́ńbà kan náà lórí bébà. Ti ọ̀gbẹ́ni yìí kò bára mu. Tí ẹ bá sì rí ìlà dúdú wẹ́wẹ́ tí ẹ̀rọ súpámákẹ́ẹ̀tì fi ń ka ọjà lẹ́yìn páálí, tó ní 1965 ni wọ́n ṣe é, irọ́ ni. 1974 ni ṣọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fi irú ìlà yẹn tajà. Àtúntẹ̀ ni, kò burú láti ra àtúntẹ̀, àmọ́ owó rẹ̀ kò lè tó ti àkọ́kọ́.

Ẹ má fi owó ránṣẹ́ sí i nítorí fídíò WhatsApp o. Àwo tó ń kọrin nínú fídíò kọ́ ni yóò fi ránṣẹ́. Obìnrin kan ṣe òṣómàáló fún un, ó jókòó ti àtẹ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ó sì gba ìdajì owó rẹ̀ padà. Àwọn yòókù kò rí kọ́bọ̀ gbà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti rà, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ kọ nọ́ńbà tí wọ́n fín sára rẹ̀ sílẹ̀, ẹ gba orin náà sórí fóònù, kí ẹ gbé e fún àwọn àgbà gbọ́ n'Íléṣà, Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà àti Ìbòkun. Ẹni tó bá dá ohùn náà mọ̀, kó jọ̀ọ́ sọ orúkọ rẹ̀ fún wa.