USB-C lẹ́nu, USB 2.0 níkùn

“Ẹ̀gbọ́n, ẹnu rẹ̀ ni wọ́n pààrọ̀, ikùn ò yí padà.” Gbólóhùn tí ọmọ ṣọ́ọ̀bù kan sọ fún mi lórí fóònù nìyẹn nípa audio interface tuntun mi, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn máíkì wọ kọ̀ǹpútà, òun ló sì mú mi kọ èyí.

Mo ti gbé audio interface náà dé sítúdíò kí n tó rí ohun tí kọ̀ǹpútà kọ sí i: 480 Mb/s, ìyẹn megabit 480 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìyára USB 2.0 nìyẹn o, tó ti wà láti 2000! Bẹ́ẹ̀ wọ́n kọ USB-C, orúkọ ẹnu wáyà tuntun, gàdàgbà sára páálí, owó rẹ̀ sì ju ti àtijọ́ lọ. Mo pe ṣọ́ọ̀bù. Ọmọbìnrin tó gbé e ní kí n pààrọ̀ wáyà. Mo pààrọ̀ rẹ̀. Ó ní kí n pààrọ̀ kọ̀ǹpútà. Mo ní, “Àbúrò, ṣé kí n kó kúrò nílé ni?” Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé fóònù fún ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá ní òun ń yẹ̀ ẹ́ wò, ló bá gbàgbé mi sórí fóònù. Ọmọ kẹta tó wá gbé e ló sọ òótọ́. Ọlọ́run á bù kún un.

Tìbínú-tìbínú ni mo fi kọ ímeèlì sí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Ẹnjiníà kan fúnra rẹ̀ ló fèsì, ó sì bá mi ṣírò. Ohùn kan ní 24-bit, 48 kHz kò gbà ju megabit 1.15 lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí 18 bá ń wọlé, tí 20 ń jáde, gbogbo rẹ̀ kò pé 45, nínú 480! Latency, ìdádúró ohùn tó ń da akọrin láàmú, ọwọ́ buffer (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohùn jọ díẹ̀díẹ̀) àti driver (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀) ló wà jù: sample 64 ní 48 kHz ò yé jẹ́ 1.3 millisecond, ì báà jẹ́ Thunderbolt, wáyà tó yára ju USB 2.0 lọ, lẹ fi gbé e. Driver gan-an ló ń gba àkókò kí wọ́n tó ṣe é. Ìlànà USB Audio Class 2, tí ẹ̀rọ ohùn fi ń gba USB bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, ti jáde ní 2006, ṣùgbọ́n 2017 ni Windows tó ní driver tirẹ̀ fún un. Ẹ sì bi àwọn tó ra ẹ̀rọ FireWire, irú wáyà àtijọ́ kan, léèrè: macOS ti Apple tó jáde ní 2025 kò dá a mọ̀ mọ́. Níbi tí ohùn bá ti pọ̀ lóòótọ́, wọ́n ń lo èyí tó yára. Ilé-iṣẹ́ RME fi USB 3 àti Thunderbolt sí audio interface wọn, Fireface UFX+, torí ohùn 94 ń wọlé, 94 ń jáde.

Ìbínú mi rọ̀ díẹ̀. A wá gba ìlù dùndún sí i. Onílù ìyáàlù gbọ́ ara rẹ̀ nínú headphone, kò ráhùn rárá, ẹni tí kì í gbà fún ẹnikẹ́ni! Ariwo ṣìììì tí mo máa ń bá jà kò sí níbẹ̀. Wọ́n mú iná lọ láàárín iṣẹ́, láptọ́ọ̀pù sì ń gbé e lọ pẹ̀lú máíkì mẹ́rin tó ń mu iná 48V láti ara rẹ̀. Ẹnu C wúlò níbẹ̀, torí iná tó lè gbé kọjá ju ti ẹnu àtijọ́ lọ.

Àmọ́ nọ́ọ̀bù gain kejì, tí a fi ń yí ohùn máíkì sókè, ń mì bí eyín ọmọ ọlọ́dún méje, wáyà tí wọ́n fi sí i ò sì gùn tó apá mi. Mo ní kí ilé-iṣẹ́ máa kọ “USB 2.0” sára páálí, kí ẹni tó ń rà á mọ ohun tó ń rà. Apá yẹn nìkan ni ẹnjiníà yẹn ò fèsì sí.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Mo ti sanwó èkejì fún ṣọ́ọ̀ṣì wa.