Mo lọ gba tẹ́rápì n'Íbàdàn, wọn ò fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè mí o

Mi ò ní dárúkọ ibi tí mo ti lọ bá onítẹ́rápì, ẹni tí èèyàn ń sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ fún, torí mo ní ẹjọ́ díẹ̀ láti rò nípa wọn, mi ò sì fẹ́ wàhálà. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni ní Bódìjà, kò sí bọ́ọ̀dù gbàǹgbà níta, ìyẹn sì dáa torí èmi gan-an wọ̀tún wòsì kí n tó wọlé bí ẹni tó fẹ́ jalè.

Bàbá mi kú lọ́dún tó kọjá. Aago méjì òru ni wọ́n pè mí. Látìgbà yẹn, aago méjì ni mo máa ń jí, kò sóhun tó jí mi o, màá kàn rí i pé ojú mi ti là, màá wo fóònù bóyá ẹnì kan pè, kò sẹ́ni tó pè, oorun ò ní padà wá mọ́ títí wọ́n á fi pe ìrun. Oṣù mẹ́rin gbáko. Ní ṣọ́ọ̀bù, mo gé yáàdì mẹ́fà fún ẹni tó sanwó márùn-ún, ó sì jáde lọ láìwẹ̀yìn, olóore!

Nígbà tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, wọ́n pariwo: "Arò kẹ̀? Ta ló ní orí ẹ dàrú?" Mo ní Bódìjà ni mà, kì í ṣe Arò, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà l'Abẹ́òkúta. Wọ́n ní ibì kan náà ni. Mi ò bá wọn jà, bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa nìyẹn. Ìjọba gan-an, Lunacy Act ti 1958 ni òfin tí wọ́n ń lò lórí ọ̀rọ̀ yìí, òfin wèrè ṣá, oṣù kìíní 2023 ni Bùhárí ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí tuntun. Arò tí a fi ń dẹ́rù ba ọmọdé yìí sì rèé, nígbà tí Dókítà Lambo bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1954, àárín àwọn ará abúlé tó yí i ká ni aláìsàn ń gbé láyé ìgbà yẹn, mọ̀lẹ́bí wọn wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n á lọ gbàtọ́jú, wọ́n á padà sílé.

Mo ti ń retí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n á ní kí n dùbúlẹ̀ sí bíi ti inú fíìmù. Àga méjì ni mo bá, fáànù kan, páálí tíṣù kan. Onítẹ́rápì náà ò ju àbúrò mi kékeré lọ, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí mi, mo ní nínú ara mi pé kí lọmọ yìí fẹ́ sọ fún mi. Ó fún mi ní ìwé kan, PHQ-9, ìbéèrè mẹ́sàn-án nípa bí ara àti ọkàn èèyàn ṣe rí láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Mo gba 14 nínú 27. Mo ní ṣé mo páàsì? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bó ṣe ń pọ̀ sí i ló ń le sí i mà.

Mo ní kó fún mi ní oògùn oorun. Ó ní sàìkólọ́jíìsì lòun, òun kì í kọ oògùn, dókítà ọpọlọ ló ń kọ ìyẹn, tó bá gba bẹ́ẹ̀ òun á júwe mi sí wọn. Ó ní ọ̀rọ̀ mi ò ní jáde, àfi tó bá dà bíi pé mo fẹ́ ṣe ara mi tàbí ẹlòmíì léṣe. Ó wá bi mí pé lẹ́yìn tí wọ́n pè yín lóru yẹn, kí lẹ ṣe? Mo ní mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà. Àwọn èèyàn á máa wá kí wa, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹun. Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Ibẹ̀ ni tíṣù ti wúlò.

Ẹnì kan tí a jọ ń tajà ní òun náà lè gbọ́ ọ̀rọ̀ mi lọ́fẹ̀ẹ́. Òótọ́ ni, àmọ́ tí mo bá sọ gbólóhùn kan, tiẹ̀ á ti dé, kó tó parí, èmi ni mo máa ń pẹ̀tù sí i nínú.

Iṣẹ́ ilé wà o! Kí fóònù má sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Tí mo bá jí, tí oorun ò wá láàárín bí ogún ìṣẹ́jú, kí n dìde lọ sí pálọ̀, kí n má padà sórí bẹ́ẹ̀dì àfi tí oorun bá ń kùn mí. Aago kan náà ni kí n máa jí láràárọ̀, ò báà jẹ́ Sọ́ńdè. Ní ti àwọn tó ní àdúrà nìkan ló tó, èmi kúkú ń fi aago méjì yẹn kírun. Kò ní kí n má kírun, ó kàn ní kí n má kọ́kọ́ wo fóònù.

Kò tán lẹ́ẹ̀kan o. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo tó rí ìyàtọ̀, ní báyìí mo máa ń sùn di aago mẹ́rin àbọ̀ nígbà mìíràn.

Ẹjọ́ mi rèé: 20,000 náírà ni wọ́n ń gbà fún ìjókòó kan, wọn ò sì sọ lórí fóònù pé owó káàdì yàtọ̀. Àádọ́ta ìṣẹ́jú ni wọ́n ní, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wọ́n fi ìṣẹ́jú 25 pẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì parí lásìkò! Jẹnẹrétọ̀ wọn wà lábẹ́ fèrèsé gan-an, èèyàn ń sunkún, ó tún ń pariwo kí wọ́n lè gbọ́. Mo máa padà lọ ní Tọ́sìdeè, mo ti ní kí wọ́n gbé e lọ sẹ́yìn ilé.