Widescreen tàbí full frame: èwo ni kí ẹ rà?

Eré tẹlifíṣọ̀n kan náà, sáà kan náà, ṣùgbọ́n 1.33:1 ni wọ́n kọ sẹ́yìn páálí DVD kan, 1.78:1 ló wà lẹ́yìn èkejì. Èyí tó fẹ̀ ni ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lọ bá, torí òun ló máa kún tẹlifíṣọ̀n ìsinsìnyí dẹ́múdẹ́mú. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, mo sì kábàámọ̀ ẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni pé, báwo ni àwọn tó ni eré ṣe yà á?

Full frame (1.33:1) ni àwòrán tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 4 sí gíga 3, bí ojú tẹlifíṣọ̀n ayé àtijọ́, àwọn tí ìdí wọn yọ sẹ́yìn gbọ̀ngbọ̀n yẹn. Widescreen ti tẹlifíṣọ̀n (1.78:1) jẹ́ 16 sí 9. Ẹ fi full frame sórí tẹlifíṣọ̀n tuntun, ọ̀já dúdú á wà lọ́tùn-ún àti lósì. Ẹ fi widescreen sórí ti àtijọ́, ọ̀já náà á bọ́ sókè àti sísàlẹ̀. Ó máa ń bí àwọn kan nínú, wọ́n á ní àwọn ò sanwó fún òkùnkùn. Ṣùgbọ́n ọ̀já yẹn kò jẹ nǹkan kan nínú àwòrán. Ohun tó ń jẹ ẹ́ ni ọ̀bẹ.

Nígbà tí wọ́n bá fi ọ̀bẹ kàn án

Kí eré 4:3 tó lè kún ojú 16:9, ọ̀nà tó yá jù ni kí wọ́n gé e lórí, kí wọ́n gé e lẹ́sẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin gíga àwòrán ló ń lọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo The Simpsons, eré àwòrán ẹlẹ́fẹ̀ Amẹ́ríkà. Nínú apá kan tó jáde ní 1993, àgbá ọtí ńlá mẹ́ta tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lára wọn: Duff, Duff Lite, Duff Dry. Lókè wọn, páìpù ẹyọ kan ló ń da ọtí sínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀fẹ̀ ibẹ̀ nìyẹn, wọn ò sì sọ ọ́ lẹ́nu. Nígbà tí Disney+, ibi tí wọ́n ti ń wo eré lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá 2019, tí wọ́n gbé e síta ní 16:9, páìpù ti bá ọ̀bẹ lọ. Àgbá mẹ́ta lásán ló kù. Àwọn èèyàn pariwo títí, ní oṣù karùn-ún 2020 wọ́n jẹ́ kí olùwòran lè yan 4:3. Seinfeld náà kàgbákò tirẹ̀ lórí Netflix ní 2021: apá kan wà tó dá lórí kòtò ojú títì, kòtò ọ̀hún gan-an ló bọ́ sí ìsàlẹ̀ ibi tí wọ́n gé.

Nígbà tí wọ́n bá ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀

Bó bá jẹ́ fíìmù 35mm ni wọ́n fi ya eré, àwòrán díẹ̀ sábà máa ń ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí tẹlifíṣọ̀n ìgbà náà kò fi hàn. Ilé iṣẹ́ lè ṣí i. Ìyẹn sàn ju gígé lọ lójú tèmi, àmọ́ ó ní ewu tirẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń dúró sí nígbà tí wọ́n mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa rí àwọn. Nínú Buffy the Vampire Slayer tí wọ́n sọ di widescreen, ẹ lè rí òṣìṣẹ́ àti irinṣẹ́ wọn kedere. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n HBO fẹ The Wire lójú ní 2014, David Simon tó dá eré náà sílẹ̀ kọ̀wé pé àwọn ìran kan jèrè, àwọn mìíràn pàdánù.

Eré tí wọ́n yà sórí téèpù fídíò kò ní ẹ̀gbẹ́ kankan tí wọ́n lè ṣí. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ ní widescreen, tó sì jẹ́ 4:3 ni wọ́n yà á, wọ́n ti gé e tàbí kí wọ́n ti fà á fẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Blu-ray (díìsì tí àwòrán rẹ̀ mọ́ ju ti DVD lọ) ti Star Trek: The Next Generation, tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 2012. Wọ́n padà sídìí fíìmù, wọ́n tún un ṣe látòkèdélẹ̀, síbẹ̀ wọ́n fi í sílẹ̀ ní 4:3. Babylon 5 náà padà sí 4:3 lórí Blu-ray ní 2023, lẹ́yìn tí DVD widescreen rẹ̀ ti gé àwọn àwòrán kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ títí wọn ò fi hàn kedere mọ́.

Lẹ́yìn páálí

Eré tó ti parí kí 1998 tó dé, full frame ni kí ẹ rà. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn 2005, widescreen ni. Full frame rẹ̀ á gé ẹ̀gbẹ́ dànù, èèyàn méjì á máa sọ̀rọ̀, imú ẹnì kan nìkan lẹ ó máa rí. Àárín ọdún méjèèjì ló lọ́jú pọ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò sáà sí sáà.

Lórí DVD widescreen, ẹ wá "anamorphic" tàbí "enhanced for 16x9", ìyẹn ni pé àwòrán ń lo gbogbo ìlà tó wà lórí díìsì. Láìsí i, nínú ìlà 480 tó wà lórí DVD Amẹ́ríkà, 360 péré ni àwòrán ń lò. Mo ra irú ẹ̀ rí: àwòrán kéré láàárín, dúdú yí i ká bíi fọ́tò tí wọ́n gbé kọ́ ògiri.

Bẹ́ ẹ bá délé, tí gbogbo èèyàn inú eré sanra, ẹ dá a dúró níbi tí agogo ògiri roboto tàbí táyà bá ti kọjú sí yín tààrà, kẹ́ ẹ fi rúlà wọn ìbú àti gíga rẹ̀. Bí wọn ò bá dọ́gba, ẹni tó tà á fún yín lè má jẹ̀bi. Tẹlifíṣọ̀n yín ló sábà máa ń fà á, rìmóòtù lẹ máa fi tún un ṣe.