Kíláàsì Àwọn Aṣojú Tó Ń Ta Ánúítì ní Ìkòròdú

Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi jókòó ní kíláàsì tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan ṣe fún àwa aṣojú rẹ̀ ní Ìkòròdú lórí ánúítì, ìyẹn ètò tí òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì fi ń kó owó rẹ̀ lé ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́, tí wọn yóò sì máa san án fún un lóṣooṣù títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Olùkọ́ náà mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Ó fi ṣọ́ọ̀kì ṣírò rẹ̀ sára pátákó pé bí ìyá àgbà kan bá kú ní ọdún kẹta, àwọn àjogún rẹ̀ ni yóò gba owó ọdún méje tó ṣẹ́kù, nítorí ọdún 10 ni ìdánilójú owó náà.

Àbùkù ibẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ kọmíṣánnì gba gbogbo ọ̀sán ọjọ́ kejì (ìrẹsì tí wọ́n fún wa pàápàá ti tutù), ṣùgbọ́n bí a ṣe lè mọ ẹni tí ánúítì kò yẹ kò gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, aṣojú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe kíláàsì wákàtí 4 lórí ánúítì nìkan kí ó tó lè tà á.